Ọ̀sán Tí Kò Sẹ́ni Lójú Títì

Eruku títì àti òórùn bíréèkì tírélà tó ti gbóná ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ mí nímú tí mo bá rántí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu géètì wa kọjú sí títì tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa sì ń gbé ní òdìkejì. Òṣìṣẹ́ káńsù kan, bàbá onísùúrù tó máa ń mú àsíá pupa lọ́wọ́, ló ń mú wọn sọdá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bó bá ti gbé àsíá yẹn sókè, tírélà a dúró, àwọn ọmọ a sì rọ́ kọjá bí omi.

Nígbà tó yá, káńsù ní àwọn ti gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, kí bàbá máa lọ sinmi. Agbaṣẹ́ṣe rán ọmọbìnrin kan wá, tó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ń tàn yanran. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ ló fi ń pe àwọn ọmọ, ó sì máa ń bá àwọn kéékèèké so okùn bàtà kí wọ́n tó kọjá. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi ilé-ìwé kan ní Sábó kún tiwa fún òun nìkan, bẹ́ẹ̀ àkókò kan náà ni ilé-ìwé méjèèjì ń jáde.

Ó sọ fún mi pé, "Mà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹlòmíì kún mi. Wọ́n ní tí n ò bá lè ṣe é, kí n bọ́ ẹ̀wù wọn sílẹ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé wa lọ sí káńsù. Káńsù ní kó lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú, àwọn ọmọ sì sáré jáde kó má baà ká wọn mọ́ ọ̀nà. Sábó ni wọ́n fi fóònù rán ọmọbìnrin náà lọ lójú mi. Mo ṣì ń sáré lọ sẹ́nu géètì nígbà tí mo gbọ́ bíréèkì. Ọmọ aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì ni ọkọ̀ gbá. Ìyá rẹ̀ rí i láti ìdí maṣíìnì tó jókòó sí. Ọmọ náà ò dé ọsibítù kó tó kú.

Agbaṣẹ́ṣe ní ọmọbìnrin náà ló fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lé e. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúà fún ọmọ náà, ọmọbìnrin yìí ní kí n sin òun lọ. Àbúrò bàbá ọmọ dúró dí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Wọ́n rán an lọ sí Sábó ni, sà. Ó ṣojú mi."

Ohùn ìyá ọmọ wá láti orí ẹní. "Ẹ jẹ́ ó wọlé."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló rán ẹ lọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n lójú, mà. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pè mí."

Ìyá náà mi orí. "Èmi náà ò tíì rí wọn."

Mo ti máa ń rò pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ó kéré tán, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á wá wo ojú ẹni tó ń sunkún. Ní ti ọmọ yẹn, ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ fìyà jẹ ló wá kúnlẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ àtàwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn, a ò rí ẹnì kankan nínú wọn títí dòní.