Ọ̀nà Pasadena Kì Í Ṣe Ti Bàbá Ẹnìkan

Nígbà tí iye owó epo já wálẹ̀ ní Houston, tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń ta àga ìjókòó wọn lójú títì, Bámidélé nìkan ni ebi wá títí tí kò rí i mú. Bọ́ọ̀sì kékeré ló ní, ó fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù lọ sílé iṣẹ́ epo ní Pasadena. Bó bá ti bọ́ sórí freeway, títì márosẹ̀ wọn, àwọn tírélà á yà fún un bí ẹni tó rí ọba. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó bi àwọn tírélà.

Àmọ́ òfin ìlú kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Charles aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ka ìwé ìtàn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ló là á yé e.

"Bámi, láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ti ní mọ́tò ń gbé èrò nígboro yìí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin rí i pé èrò ń sá fún àwọn, wọ́n tọ ìjọba lọ, ìjọba fòfin dè é. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún ti kú, òfin ò kú. Bí Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ní ń pe ìjọba wá ti ilẹ̀kùn."

"Ọ̀daràn ni wọ́n!" ni Bámidélé fi ìbínú dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni Bámidélé ti ń wàásù fún èrò rẹ̀: "Kí oníkálukú ná ọjà tirẹ̀!"

Àfi bí Ọmọ́yẹni, ọmọ ìjọ rẹ̀, ṣe dé. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, lobìnrin náà bá gbé mọ́tò ilé wọn jáde, ó ń kó èrò lọ sí Pasadena, ó sì ń fún wọn ní tíì gbígbóná. Kò pẹ́ tí ìdajì èrò Bámidélé fi ṣí tọ̀ ọ́ lọ.

Ọkàn Bámidélé sá lọ sílé, níbi tí àwa Yorùbá ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ká tó bi ara wa pé kí la fẹ́ fi ṣe. Òun àtàwọn ọlọ́kọ̀ Yorùbá yòókù tó ń ná ọ̀nà Pasadena pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, láìwọ bàtà. Òun ni wọ́n fi ṣe alága. Orí rẹ̀ wú.

Olúrótìmí, akọ̀wé, ní, "Alága, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gbé èrò. A ò sì ní gba Ọmọ́yẹni wọlé. Tó bá ṣorí kunkun, ká ta ọlọ́pàá lólobó."

Ibẹ̀ ni Ọmọ́yẹni yọ sí wọn. Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí Bámidélé.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá. Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin lẹ ní kí oníkálukú ná ọjà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló fún mi láyà tí mo fi gbé mọ́tò jáde. Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti yí padà ni?"

Bámidélé rántí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin tí Charles sọ, ó rí ara rẹ̀ láàárín wọn, ojú tì í.

"Dìde, ọmọ mi. Rótìmí, ẹgbẹ́ ti tú."

"Ẹ̀yin alága! Ẹgbẹ́ tí a ò tíì jẹ ìrẹsì rẹ̀?"

"Ẹ lọ jẹ ẹ́ nílé yín. Ọ̀nà Pasadena kì í ṣe ti bàbá ẹnìkan."

Lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ láìkún. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó yí orí ọkọ̀ sí apá ìlú Humble, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ti ń retí ọkọ̀ tí kì í dé. Wọ́n rí i lókèèrè, wọ́n juwọ́ sí i.