Páálí Àmì ní Manigri

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Manigri, tí èéfín iṣu sísun kì í lè gòkè, tí yóò kàn máa rìn nílẹ̀ láàárín ilé bí ẹni tó ń wá nǹkan. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n fún mi, màá máa gbọ́ bí àwọn aráalé ṣe ń kí ara wọn. Èdè wọn jọ tiwa ní Abẹ́òkúta, kò sì jọ ọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sọ tiwọn, èmi náà á rẹ́rìn-ín ẹni tí kò gbọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní tèmi, mo tún létí, n kò fi gbọ́ràn tán.

Oníṣòwò obì kan, ọmọ Manigri, ló mú mi lọ sí ìlú rẹ̀ yìí, tó jìnnà sí etí òkun níhà àríwá. Ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní etí òkun, ó sì rí i pé ẹni tí kò bá lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a sọ ọ́. Ó ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ òun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé àwọn oníhìnrere nígbà náà, mo wọ bàtà, mo mú agbòòrùn dání, mo sì gbà pé gbogbo ìlú yóò tò sójú ọ̀nà láti pàdé mi. Ewúrẹ́ ló pàdé mi.

Abẹ́ igi òrí kan lẹ́yìn ilé ni mo ti ń kọ́ wọn. Wọ́n tètè mọ lẹ́tà, àmọ́ bí wọ́n bá ń kàwé, wọn kì í dúró níbì kankan. Wọ́n á sá gba ojú ìwé kọjá bí ẹran tó já okùn. Mo wá gé páálí tí wọ́n fi di aṣọ òyìnbó, mo fi èédú kọ àmì ìdánudúró inú ìwé kọ̀ọ̀kan sí i, mo ń gbé e sókè kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí mo fún àwọn àmì náà kò wọ̀ wọ́n létí. Ìyẹn tó ń parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní hóró irú ni. Àmì ìbéèrè, wọ́n ní etí ni, ó ń retí ìdáhùn. Nígbà tí páálí tán, mo lọ wá òmíràn lọ́jà Bassila, ìlú tó wà nítòsí wa. Èdè Anii ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, n kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìka ni mo fi ra ohun tí mo rà. Ilẹ̀ ṣú kí n tó padà délé, n kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà, akólòlò ni. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Ìyáálé ilé sọ fún mi pé, “Ẹ má dà á láàmú, tíṣà. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kò dìgbà tó bá fi èdè òyìnbó pè é.”

Lọ́jọ́ kan, mo gbé páálí kọ́mà sí i níwájú. Mo ní, “Bí o bá dé ọ̀dọ̀ eléyìí, dúró, kí o mí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé ọ.”

Ó wò ó títí. “Ta… ta ló ní kí n dúró?”

“Ìwé ló ní kí o dúró.”

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Yóò mí, yóò sọ̀rọ̀, yóò dúró níbi tó yẹ; kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi ń tò lọ geere.

Ní ìgbà tí iṣu tuntun jáde, baba rẹ̀ pe àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Bassila kí wọ́n wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ́bí ọkùnrin kọ́kọ́ kà, ó da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí òjò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá kan ọmọbìnrin náà. Ó kà á bí ó ti yẹ kí a kà á gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi orí, ó fi èdè Manigri sọ pé, “Èyí ò tíì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ló ń wá.” Baba rẹ̀ dorí kodò.

Ó wá yé mi pé nínú gbogbo àpéjọ yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí ọmọ náà ṣe. Bóyá láti ibẹ̀ títí dé etí òkun, kò sẹ́lòmíràn tí ìbá gbọ́ ọ. N kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo dìde. Mo ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un kà.” Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú páálí mi. Níbikíbi tó bá ti dúró, màá gbé àmì ibẹ̀ sókè. Nígbà tó kà dé àárín, àwọn àlejò ti tẹ̀ síwájú. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn méjèèjì ń bára mu. Nígbà tó parí, baba rẹ̀ la obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní awẹ́ kan kó tó fún àwọn àgbà.

Ó ní, “Àwa la ń sáré.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ogun Faransé fi gba agbègbè wa kọjá, tí a sì ń gbọ́ pé èdè tiwọn ni gbogbo ìlú yóò máa sọ. Oníṣòwò náà pè mí jókòó. Ó ní, “Tíṣà, òyìnbó tó dé yìí kì í ṣe tirẹ.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. Ọmọbìnrin náà ló ru ẹrù mi dé ojú ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ… ẹ rọra máa lọ,” ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún mi, ó sì padà.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ láti ìgbà náà, nílé, láàárín àwọn tó gbọ́ èdè mi. Mo gbìyànjú láti sọ ìtàn yìí fún ìyàwó mi rí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ọmọ náà gbìyànjú,” ó sì bọ́ sídìí iná. Kò jẹ̀bi, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá dá rántí nǹkan, bí ẹni tó dá jẹun ni: ó yó, ṣùgbọ́n kò rẹ́ni bi léèrè bóyá ó dùn.