Igi Orógbó Mi Tó Di Òpó Géètì

Ọjọ́ tí bàbá mi gé igi orógbó mi kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ń wá òpó tó lè gba géètì onírin wa tó wúwo, wọ́n sì ní ikán kì í jẹ orógbó. Orí ibi-ọmọ mi ni ìyá mi gbin igi yẹn sí.

Ìyá mi dì mọ́ igi náà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀.

Bàbá mi pariwo pé, “O ń bọ ugi nínú ulé onígbàgbọ́?”

Wọ́n wọ́ ìyá mi kúrò, wọ́n gé igi náà, wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi gún régé. Nígbà tí wọ́n gbé géètì kọ́ ọ tán, wọ́n lé ìyá mi síta, wọ́n sì fi àgádágodo tì í.

Láti inú ọgbà ni mo ti rí ọwọ́ ìyá mi lára òpó náà. Wọ́n rọra ń fọwọ́ pa á lára, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún mi bí mo bá ń sunkún.