Káàdì Tí Wọn Kì Í Họ

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Ìyá Atẹ̀wé ti ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tó wà lókè ilé ìtajà gíláàsì. Yàrá mẹ́ta ni ọ́fíìsì náà ní. Ti iwájú ni wọ́n ti ń gba àlejò, ti àárín ni ọ̀gá ń lò, ti ẹ̀yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ni òun àti ayàwòrán ilẹ̀ jọ ń lò. Rúlà ni gbogbo ènìyàn ń pe ayàwòrán yìí, nítorí pé rúlà kì í kúrò lápò àyà rẹ̀.

Bí wọ́n bá wọn ilẹ̀ tán, Rúlà yóò ya àwòrán, Ìyá Atẹ̀wé yóò tẹ ìròyìn tó ń tẹ̀ lé e: ibi tí òpó ààlà kọ̀ọ̀kan wà, bí ọ̀kan ti jìnnà sí èkejì tó, àti ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn pààlà. Àṣìṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo lè sọ ọgbà ẹnìkan di ti aládùúgbò rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìròyìn kan tí wọ́n dá padà nítorí títẹ̀. Kì í fi í yangàn, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ gbàgbé, á rán an létí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin ni wọ́n ń lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀, baba ọ̀gá ìsinsìnyí ló sì gbà á síṣẹ́. Atúnṣe ẹ̀rọ máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ó kọ́ bí a ti ń tú u fúnra rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà náà. Á tẹ́ aṣọ ìnujú funfun sórí tábìlì. Sukúrúù kọ̀ọ̀kan tó bá tú, á gbé e sí igun aṣọ tó bá ibi tó ti tú u mu, kó má baà wá a kiri nígbà tó bá ń dá a padà. Baba ọ̀gá a máa sọ pé obìnrin yìí kì í tú ẹrù tí kò lè dì.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n kun ọ́fíìsì lọ́dà. Àwọn akunlé fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ara ògiri tu, ọ̀gá sì ní kò sídìí láti tún un fà. Ó ra àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì láìlo wáyà, ó kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀gá rí i, ti Rúlà náà rí i. Ti Ìyá Atẹ̀wé, àpótí dúdú ńlá tó ti jókòó sábẹ́ tábìlì láti bí ọdún mẹ́wàá, kò rí nǹkan kan. Kò ní ojú tí yóò fi rí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

“Màmá, mo ti rò ó. Láti ọjọ́ Ajé, kí Rúlà máa tẹ ìròyìn lórí tiẹ̀, kó máa fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin á máa jókòó níwájú, ẹ máa gbàlejò. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni.”

“Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí, ọ̀gá?”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yín ni kò gba íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́.”

“Tó bá gbà á ńkọ́?”

Ọ̀gá wo àpótí dúdú náà títí. “Tó bá gbà á kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí kálukú dúró síbi tó wà.”

Ó padà sí yàrá rẹ̀. Rúlà mi orí. “Màmá, ẹ jẹ́ ká sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó kúkú gbó, ó tọ́.”

“Ìwọ tó ń kọ ‘pààlà’ ní ‘pàlà’, ìwọ náà lo fẹ́ máa tẹ ìròyìn.”

Ìyá Atẹ̀wé pe ọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní Dókítà. Dókítà ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ nílùú mìíràn, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé.

“Màmá, nǹkan kékeré ni,” ó ní. “Káàdì ló kù. Ẹ ra káàdì, ẹ fi sí i, ó parí.”

Ìyá Atẹ̀wé lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá: Dókítà ní káàdì ló kù. Ọ̀gá mi orí, ó tẹ fóònù rẹ̀. Kí Màmá tó padà dé orí àga, fóònù tirẹ̀ dún: ọ̀gá ti fi káàdì ìpè ránṣẹ́ sí i. Kò jẹ̀bi. Ní ọ́fíìsì yẹn, káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n ń họ nọ́ńbà rẹ̀ láti fi pe ènìyàn. Ohun tí Màmá fúnra rẹ̀ rò náà nìyẹn. Ó wo fóònù, ó wo àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n máa ń ti tẹ nọ́ńbà sí i.

Rúlà ti gbé orí lé tábìlì. “Ibo lẹ ti fẹ́ họ ọ́ lára ẹ̀, Màmá? Ẹ bá mi bi í bóyá ìyàwó ẹ̀ ló fẹ́ pè.”

Ó jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Káàdì tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ náà ló fi tún pe Dókítà.

“Káàdì wo?”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń họ, Màmá. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, ó ní ìwo méjì tó fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú ikùn ẹ̀rọ la ń kì í bọ̀.”

“Bá mi pe orúkọ ẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Rọra pè é.”

Dókítà ń pè, Màmá ń tẹ̀ ẹ́. Ó kà á padà fún un, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ó ká a sínú àpò. Dókítà wá kìlọ̀: kó yọ iná kúrò pátápátá, kó fọwọ́ kan irin ara àpótí kó tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, kó má sì fipá ti ohunkóhun. Kí Màmá tó lọ ilé lọ́jọ́ náà, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó yọ rúlà lápò Rúlà láìtọrọ, ó wọn ihò tó ṣófo níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọlọ́jà kọ̀ǹpútà ka ìwé rẹ̀, ó ní, “Ihò wo ló wà nínú ẹ̀rọ yín, gígùn àbí kúkúrú?”

“Íǹṣì kan.”

Ọlọ́jà gbójú sókè. “Ẹ ti wọ̀n ọ́n?”

“Ọ́fíìsì wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.”

Ó ra káàdì náà, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yọ iná, ó tẹ́ aṣọ ìnujú. Búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń nu lẹ́tà ẹ̀rọ onírin nígbà láéláé ló fi gbá eruku inú àpótí. Ó yọ irin pẹlẹbẹ tó bo ẹ̀yìn ihò náà, ó fọwọ́ kan irin, ó gbé káàdì lé ihò. Kò wọlé. Kò fipá tì í. Ó gbé e jáde, ó wò ó, ó rí i pé ètè irin rẹ̀ ló fẹsẹ̀ kọ́ etí àpótí. Ó tún un gbé, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í jẹ́jẹ́, ó gbọ́ kínní kan tó ró kẹ́. Ó fi sukúrúù dè é, ó yí ìwo méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tó bo àpótí tán, kò sí sukúrúù kankan tó ṣẹ́kù sórí aṣọ.

Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní òun rí àlejò kan nínú òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ ọ́n. Kí Màmá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ mú ìwé ìfinimọ̀ rẹ̀ wá. Ìyá Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé ni wọ́n ní kó wọlé lọ mú un wá yìí.

Ó dojú páálí káàdì délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Sídíì kan já bọ́; orí rẹ̀ ni ìwé ìfinimọ̀ náà wà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká Rúlà kò ní ẹnu tí sídíì ń gbà wọlé. Ti àpótí dúdú ni Rúlà ń pè ní àwo ife tíì. Ó pẹ́ tí ẹnu náà ti ṣí kẹ́yìn, kò sì fẹ́ ṣí. Màmá rí ihò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó na wáyà tó fi ń há ìwé pọ̀, ó kì í bọ ihò náà, àwo sì yọ síta bí ahọ́n ọmọ tí nọ́ọ̀sì ní kó la ẹnu.

Ó gbé sídíì lé e, ó tì í wọlé. Kò pẹ́ tí orúkọ àwọn íńtánẹ́ẹ̀tì àyíká fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò sójú ẹ̀rọ: ti ilé ìtajà gíláàsì ìsàlẹ̀, ti àwọn kan tí kò mọ̀, àti tiwọn, tó mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìròyìn ilẹ̀ ọlọ́gbà kan, tó ti tẹ̀ sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Rúlà ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti palẹ̀ tábìlì mọ́. Ọ̀gá wọlé.

“Màmá, ẹ ò tíì kó lọ síwájú?”

“Ọlọ́gbà ti dáhùn, ọ̀gá. Ó ní àtọjọ́ Àbámẹ́ta lòun ti rí ìròyìn òun gbà, ó sì dúpẹ́.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. “Ta ló wá ṣe é?”

“Kò sẹ́ni tó wá.”

Rúlà náà tẹjú mọ́ ọn. “Ẹ̀rọ hùwo. Ṣé kò ní kàn wá báyìí?”

“Ìwọ nìkan ló ń wá.”

Ọ̀gá dìde, ó gbọn eruku orúnkún. “Bàbá mi ní ẹ kì í tú ẹrù tí ẹ ò lè dì. Mo rò pé ẹ̀rọ onírin ni wọ́n ń bá wí.”

“Ẹrù kan náà ni, ọ̀gá.”

Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ ìjókòó iwájú mọ́. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbọ́ ọ lórí fóònù: “Rárá o, n ò pe oníṣẹ́ kankan. Akọ̀wé mi ló ṣe é fúnra ẹ̀.” Ìyá Atẹ̀wé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò kan lẹ́tà kan títí ọ̀gá fi sọ̀rọ̀ náà tán.

Nígbà tó di ọ̀sán, Rúlà fa àga sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Màmá, ẹ̀rọ kan wà nílé wa tí kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n kúkú ra káàdì yẹn kí n tó gbé e wá?”

“Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná,” ó ní, kò sì gbójú kúrò lójú iṣẹ́ rẹ̀. “Ṣebí Rúlà lorúkọ ẹ.”