Wọ́n Ní Ooru Lọ́kọ́ja Ni

Ní Lọ́kọ́ja, kò sí ohun tó bàjẹ́ tí wọn kò ní di ẹ̀bi rẹ̀ ru ooru. Ọbẹ̀ bá kan, ooru ni. Ọmọ kò bá sùn, ooru ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò dé ọ́fíìsì títí ọ̀sán fi pọ́n, ooru náà ni. Èmi náà mọ̀ pé ìlú wa gbóná. Láàárín òkè Pátì àti odò, ooru a máa jókòó lé èèyàn lórí bí ẹni tó ti sanwó ilé. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ooru yẹn ni wọ́n fi bò mí lójú, inú sì ń bí mi di òní.

Àwòrán ilé ni mo máa ń yà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi yà á ní ọ́fíìsì ọ̀gá kan, orúkọ ọ̀gá ló sì máa ń wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá ṣe. Nígbà tó sú mi, mo kó jáde, mo gbé tábìlì sí yàrá kékeré nílé wa ní Ganaja, mo gbé kọ̀ǹpútà lé e. Kò pẹ́ ni màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ará ilé wa láti Yàgbà, gbé ilé tó fẹ́ kọ́ sí Felele lé mi lọ́wọ́. Ilé àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ tèmi látòkèdélẹ̀ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni màmá ń bèèrè: kí n fi han òun bí ilé náà yóò ṣe rí tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, pẹ̀lú ọ̀dà, pẹ̀lú òjìji igi lára ògiri, kí àwọn ọmọ òun tó wà lókè òkun lè rí i kí wọ́n tó gbà.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún kọ̀ǹpútà. Á máa ronú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọpọlọ rẹ̀ á gbóná, fáànù tó wà lórí ọpọlọ náà á sì máa fẹ́ ẹ kó má baà jóná. Bó bá wá gbóná jù, á pa ara rẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún mi nìyẹn. Mo ti rí ilẹ̀kùn, mo ti rí fèrèsé, òrùlé ló kù, ojú rẹ̀ á kàn ṣú. Mo wo iye tí ooru rẹ̀ jẹ́, ó ti ń súnmọ́ ibi tí omi ti ń hó.

Mo tú u. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára irin tó ń gba ooru. Fáànù ń yí, nítorí náà mi ò fura sí i. Mo ra ìpara funfun tí wọ́n ń fi sáàárín irin àti ọpọlọ, èyí tó rí bí ọṣẹ ìfọyín. Mo nu ti àtijọ́ tó ti gbẹ, mo fi tuntun sí i. Ọkọ mi ló di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú fún mi. Ó ní, “Fara balẹ̀ jàre. Ooru ìlú yìí ni.” Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé fáànù tí à ń fẹ́ sára kọjú sí i, àwa fúnra wa wá ń làágùn. Ó tún kú.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà Ajaokuta. Kò tú nǹkan kan. Ó kàn gbọ́wọ́ lé e, ó ní, “Madam, na Lokoja heat. Buy AC.” Mo bi í bóyá inú yìnyín ló gbé tirẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ti yẹ àdéhùn fún màmá lẹ́ẹ̀mejì kí òun fúnra rẹ̀ tó pè mí. Ó fi ìkíni ilé wa kí mi. Ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn ló dùn mí jù.

“Okun o, ọmọ mi. Má bínú sí mi o. Àwọn ọmọ ò lè dúró mọ́. Mo ti gbé iṣẹ́ náà lọ fún ọ̀gá rẹ àtijọ́, òun ni yóò yà á.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Ẹkún ìbínú ni.

Lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tún kọ̀ǹpútà náà tú. Kì í ṣe torí pé mo fẹ́ tún un ṣe. Mo fẹ́ rí ohun tó ṣe mí. Mo tẹ̀lé wáyà fáànù náà láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn, níbi tí ojú kì í dé, wọ́n ti so wáyà kékeré mìíràn mọ́ ọn, wọ́n fi téèpù dúdú wé e pinpin. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń dín agbára fáànù kù. Fáànù á máa yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa yí bí ẹni tí kò jẹun. Mo yọ ọ́ dànù, mo so fáànù pa dà síbi tó yẹ, mo tan kọ̀ǹpútà. Ariwo sọ.

Ọkọ mi ké láti pálọ̀. “Ṣé ariwo yẹn tún ti dé ni? Ṣebí ọkùnrin yẹn ní kò ní pariwo mọ́.”

Ìgbà náà ni mo rántí. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n màmá mi, kí kọ̀ǹpútà yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọkọ mi gbé e lọ bá ọkùnrin mìíràn, ó ní òun fẹ́ kó bá mi gbọn eruku inú rẹ̀. Mo dúpẹ́ dúpẹ́. Mo gúnyán fún un.

Nígbà tí ọkọ mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, mo na wáyà náà sí i. “Dádì, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi eléyìí sí i?”

“Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. A ò lè gbàdúrà, mi ò lè gbọ́ ìròyìn.”

“Ẹ mọ̀, ẹ wá di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi?”

“Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ló fà á.”

“Ẹ ò sì bi mí.”

Ọkùnrin yìí ní jẹnẹrétọ̀ tó máa ń mi ògiri ilé nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá wà, gbogbo wa á sì fara dà á. Ariwo tirẹ̀, ìgbádùn ilé ni. Tèmi tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wá oògùn sí.

Ó ní, “Ilé yẹn ṣáà ti lọ. Pa á, jọ̀ọ́, kí orí mi sinmi.”

Mi ò pa á. Mo ṣí ilé màmá, mo ní kí kọ̀ǹpútà yà á tán. Ó pariwo títí di ìrọ̀lẹ́, kò kú, bẹ́ẹ̀ ooru Lọ́kọ́ja kò lọ síbì kankan. Òrùlé jáde, fàráńdà jáde, òjìji igi sùn sára ògiri bí màmá ṣe fẹ́ ẹ. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó ní, “Ó mà dára o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju wáyà lọ. Mo fa àga fún un, mo ní kó jókòó kó wò ó dáadáa, torí kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ.