Agolo Oògùn Kòkó Tó Gbé Mi Dé Ọ̀wọ̀

Ọjọ́ tí adìyẹ mẹ́ta kú ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òdòdè, Ìdànrè, ni ọ̀rọ̀ agolo wọ̀ mí lára. Àgbàdo tí wọ́n rẹ sínú agolo oògùn kòkó ni wọ́n jẹ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi eérú àti ọṣẹ fọ agolo náà. Mo fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì. Ní ìdí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ká etí páànù mọ́ra, oògùn ṣì wà níbẹ̀, ó ń rùn. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí wọ́n kọ sára agolo oògùn tí mi ò kì í kà.

Irú agolo bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Adé, tó ń ta epo ní Atosin ní Ìdànrè kan náà, ń rọ epo sí. Epo rẹ̀ ni gbogbo ilé wa ń jẹ, títí kan àwọn ọmọ kékeré. Mo bẹ ọkọ rẹ̀ títí. Ó ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, agolo ò kúrò. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti ń gba agolo wọ̀nyí nílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, inú bí mi. Ọ̀wọ̀ kẹ̀! Àwa tí kòkó wa pọ̀ tó báyìí ńkọ́? Mo ní àfi kí n fojú ara mi rí i.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé. Ìkùukùu ṣì bo Òkè Ìdànrè. Ọ̀nà wa gba àárín àpáta, ó kún fún kòtò títí dé Àkúrẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ Pijó tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀, náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Ọ̀dà ojú títì náà ń dán.

"Bàbá, ẹ mà le ojú o. Ṣé kò sí?" Awakọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Títì yín ló dára jù," ni mo dá a lóhùn. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dé, àbúrò ìyàwó mi, ni mo dé sí. Iyán ni wọ́n fún mi. Àwa náà ń gún iyán, àmọ́ tiwọn kò ní kókó kan ṣoṣo. Ìyẹn náà dùn mí. Kẹ́ẹ̀gì funfun mẹ́rin tó kún fún epo wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná wọn. Bọ̀dé, tí kò ka ara agolo rí láyé rẹ̀!

"Bàbá Ṣadé, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa, kò ní bá yín lọ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí fún mi. "Ẹ̀yin ará Ìdànrè! Òkè lẹ fi ń yangàn, agolo oògùn lẹ fi ń jẹpo."

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dé mú mi lọ sọ́dọ̀ wolé-wolé ìjọba. Obìnrin ni, aṣọ kákí ló wọ̀. Àwọn obìnrin tò síwájú rẹ̀, oníkálukú gbé agolo tó ti dá ìdí rẹ̀ lu kí ẹnikẹ́ni má baà tún rọ nǹkan sí i. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ kalẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tuntun ló ń gbé lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fojú fo Ìdànrè.

"A dé ibẹ̀, sà, a ò rí agolo gbà. Ta lẹ̀yin ń bá sọ ọ̀rọ̀ agolo?"

"Àwọn àgbẹ̀ ni, níbi tí a ti ń wọn kòkó."

"Àwọn ọkùnrin. Tí oògùn bá tán, ta ló ni agolo?"

Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ bá fín oògùn tán, ìyàwó ló ni agolo, bó ṣe ni ìkòkò ọbẹ̀. Ọkọ kì í bá a dá sí i. Àwọn tí kò ní agolo kankan ni mo ti ń bẹ̀ látọjọ́ yìí.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin yín lu tiwọn fúnra wọn," ni wolé-wolé wí. "Ẹ ránṣẹ́ sí wa, ọkọ̀ á dé."

Atosin ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá Adé ń fi eérú fọ agolo kan. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Káyọ̀dé, o tún ti dé! Má fi agolo yọ mí lẹ́nu."

"Kẹ́ẹ̀gì funfun ni àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ fi ń ta epo báyìí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Tuntun?"

"Tuntun. Agolo lílu ni ìjọba ń gbà, kẹ́ẹ̀gì ló ń fún wọn."

"Kí ni wọ́n fi jù wá lọ?" Ó nàró, ó pe aládùúgbò rẹ̀. "Ìyá Rótìmí, gbé àdá wá! Ará Ọ̀wọ̀ ń gba kẹ́ẹ̀gì lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ jókòó!"

Ohun tí gbogbo àlàyé mi kò lè ṣe, ìlara ṣe é kí n tó mu omi tán. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló gbé èmi náà rìn.

Ọkọ̀ ìjọba dé Atosin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní àdúgbò Bọ̀dé, agolo méjìdínlógójì ni wọ́n rí gbà. Tiwa jẹ́ mọ́kànlélógójì.