Eyín Ìgbín Inú Ìgò Kọkànlélógún

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni ọ̀gá ilé ìwádìí kà sọ́wọ́ Òmùwẹ̀, ọmọbìnrin tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun, lórí ìgbín òkun kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Bàbá Ìgò jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń wo owó bó ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Bó bá jẹ́ irú tí ìwé ò tíì mọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mìíràn ń bọ̀. Bó bá jẹ́ irú tí ìwé ti mọ̀, wàá dá èyí padà."

"Mo gbà, mà," ni Òmùwẹ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ ó ti jẹ gbèsè owó àgbá afẹ́fẹ́ tó ń gbé wọ omi.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Ìgò ti ń tọ́jú òkú ẹran òkun ní ilé ìwádìí náà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sára gbogbo ìgò. Láyé ìgbà kan, bí apẹja bá rí ohun abàmì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e wá. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti gbé kámẹ́rà tí omi ò lè wọ̀ dé, àwòrán rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń ṣù bò. Ọ̀rọ̀ náà ń ta Bàbá Ìgò bí iyọ̀ ojú egbò.

Ìgbín náà ń rìn nínú abọ́ gíláàsì, ara rẹ̀ aláwọ̀ aró, ìlà dúdú mẹ́ta lẹ́yìn, etí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú.

"Wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e," ni Bàbá Ìgò fi ṣẹ̀fẹ̀. "Tìrẹ fà, kò sóhun tó tẹ̀ lé e. Oníhòòhò!"

"Bàbá, awọ ara rẹ̀ ló fi ṣẹ̀wù. Ẹ wo aṣọ náà dáadáa."

"Aṣọ tí mo ti rí kó o tó mọ omi í wẹ̀! Ó wà nínú ìgò kọkànlélógún."

Ọ̀gá gbé ìgò náà sókè. Ohun inú rẹ̀ funfun bí òwú, nítorí àwọ̀ ìgbín bẹ́ẹ̀ kì í mọ́jú nínú sípíríìtì. "Àwọ̀ ò lè bá wa dá ẹjọ́ yìí," ló wí. "Ẹ wo eyín àwọn méjèèjì. Bàbá, ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n."

Orí ahọ́n ni ìgbín yìí ń hu eyín sí, ó tò lọ bí ẹnu ayùn, gbogbo rẹ̀ ò sì ju ẹyọ iyanrìn lọ. Nígbà tí Òmùwẹ̀ ti ya àwòrán tán, tí wọ́n sì ti fi ìgbín náà sínú sípíríìtì, Bàbá Ìgò fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ ahọ́n rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìwé ní etí eyín irú tó kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò kọkànlélógún a máa dán jọ̀lọ̀. Ti eléyìí rí págunpàgun. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá tú ti ìgò kọkànlélógún. Págunpàgun ni! Lọ́jọ́ tí apẹja gbé e wá, kíá ló jù ú sínú sípíríìtì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọ̀ ti lọ, ó sì kọ orúkọ àwòrán inú ìwé tó jọ ohun tó rántí. Kò la ẹnu ìgbín náà wò.

Bó bá sọ pé irú kan náà ni méjèèjì, tí kò sì mẹ́nu ba orúkọ tó ṣì kọ, irọ́ kọ́, Òmùwẹ̀ á sì dá owó padà. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlara tún sọ tiẹ̀ sí i létí: ta ló kọ́kọ́ ní in? Kí ọmọ àná wá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, kí tòun wà lórí pẹpẹ lábẹ́ orúkọ olórúkọ? Rárá o! Ó sàn kójú ti òun.

"Ọ̀gá, irú tuntun ni. Mo sì ti ní in ṣáájú ọmọ yìí. Orúkọ ni mo ṣì kọ."

Ọ̀gá fojú ara rẹ̀ wo eyín méjèèjì, ó sì ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mìíràn fún Òmùwẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in."

"Bẹ́ẹ̀ náà la ó kọ ọ́," ni ọ̀gá wí. Bàbá Ìgò rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

"Owó tèmi ńkọ́?"

"Owó kẹ̀? Ìgò ìgbín mélòó lẹ ní?"

"Ogójì."

"Mélòó lẹ kọ orúkọ sí láìla ẹnu rẹ̀ wò?"

Bàbá Ìgò wo pẹpẹ, ó wo ilẹ̀. "Gbogbo wọn."

"Ẹ jẹ wá ní àyẹ̀wò mọ́kàndínlógójì nìyẹn. Kò sì sí àfikún owó."

Òmùwẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣí ìdérí."

"Máa lọ sínú omi rẹ," ni Bàbá Ìgò wí, ó sì gbé ìgò kìn-ín-ní sọ̀ kalẹ̀.